Pẹ̀rẹ̀gún Mẹ́rin ní Igun Oko Ọsàn

Ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tí kò rí àga, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tó ní ẹ̀gẹ́ láti bó, kó gbé e wá síbí, etí kọ́ la fi ń bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ mi kì í sáré, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wí fún yín pé inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi. Bí ohùn mi bá le níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Bàbá, ẹ fọwọ́ wọ́nú." Mo ti fọwọ́ wọ́nú títí, ọwọ́ ti bó, inú kò rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ mú ọmọbìnrin wọn wá sí ilé mi ní Sakété. Ìta-Jẹ̀bú ni wọ́n ti wá, láti ilé tí wọ́n ti bí ìyá mi. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò àṣejáde ni, ó sì fárígá pé ẹ̀kọ́ igi eléso àti ewébẹ̀ lòun fẹ́ kà ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní:

"Bàbá, ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ka nǹkan yìí ní gbogbo agbègbè wa. Tó bá kà á tán, iṣẹ́ wo ló máa rí ṣe? Ibo ló tún lè kà á dé? Ṣé kì í ṣe ọkọ́ náà ló máa padà wá gbé, bíi tàwa tí a kò kàwé?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ ni, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbé àdá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn mi lọ́jọ́ tí ìwé tèmi dópin. Mo ní kó dìde nílẹ̀, kó jókòó, kí ìyàwó rẹ̀ náà jókòó. Mo ní, "O bèèrè iṣẹ́, o bèèrè ìwé. N ó dá ọ lóhùn." Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, mo kàn fi díẹ̀ kún un tí n kò lè sọ lójú ọmọ ẹni náà.

Nígbà tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ ní Dàhòmì, òkè òkun ni mo wà. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Mo kọ́ bí a ti ń tọ́ tòmátì àti kábéèjì, bí a ti ń ka àìsàn lára ewé, bí a ti ń fi okùn na oko kí igi lè tò gún bí ìlà ìwé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni síso ojú igi kan mọ́ ara igi mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá gbin kóró ọsàn dídùn, ẹsẹ̀ igi tó máa hù kò lágbára, ó tètè ń jẹrà. Ọsàn kíkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Nítorí náà, ọsàn kíkan la ó gbìn. Nígbà tó bá nípọn tó ìka ọwọ́, a ó fi ọ̀bẹ kékeré la èèpo rẹ̀ díẹ̀. A ó wá gé ojú kan, ojú kan ṣoṣo tó fẹ́ rúwé, lára ẹ̀ka ọsàn dídùn, a ó tì í bọ inú èèpo tí a là, a ó fi ìko dì í. Bó bá ti mú, a ó gé orí ọsàn kíkan dànù. Ẹsẹ̀ kíkan, orí dídùn, igi kan.

Òyìnbó arúgbó tó kọ́ wa, tí ọwọ́ rẹ̀ rí bí gbòǹgbò, sọ ohun kan fún wa tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Ẹsẹ̀ igi kì í gbàgbé ara rẹ̀. Yóò máa ta èéhù nísàlẹ̀ ibi tí ẹ so. Ẹ máa gé e, lọ́dọọdún, láìjáfara. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, kíkan yóò gòkè, yóò sì pa dídùn." Òun náà ló fún mi ní ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, ọ̀bẹ kékeré tí èèkù rẹ̀ jẹ́ egungun.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Sakété, ìyá mi wọlé bá mi, tòun ti igbá gàrí tó yẹ kó ti tà lọ́jà láàárọ̀ yẹn. Ó ní òun kò lè dúró kí n kọjá lórí irin kí òun máa wo èéfín lẹ́yìn. A jọ ń lọ sí Pobè, níbi tí bìrò, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, wà. Ó ń wò mí, ó ń fọwọ́ kan aṣọ mi.

"Kí lo wá kà gan-an?"

"Igi eléso ni, Ìyá."

"Igi eléso." Ó gbé igbá gàrí rẹ̀ lé itan. "Ṣé àwọn igi tòyìnbó kì í dá so ni?"

Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé mo máa fi hàn án. Mo ní lọ́jọ́ kan, ọsàn tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí rẹ̀ lórí àtẹ yóò jẹ́ ọsàn tí ọwọ́ mi dá. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe inú bíbí ni wọ́n bí mi mọ́.

Ọ̀gá bìrò ní Pobè, tí gbogbo wa ń pè ní sẹ́ẹ̀fù, kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí àga tí òyìnbó dìde kúrò lórí rẹ̀ ni. Ó gba ìwé-ẹ̀rí mi, ó gbé e síwá, ó gbé e sẹ́yìn.

"Ọgbà," ó ní. "Ọgbà lo kà."

"Ọgbà èso, sẹ́ẹ̀fù. Àti ewébẹ̀."

"Ọgbà ni ọgbà. Ó dára púpọ̀. Òdòdó ilé ìjọba ti ń kú, madáàmù mi ń ráhùn."

Bí wọ́n ṣe fi mí sídìí òdòdó nìyẹn. Ọdún mẹ́ta lókè òkun, mo wá ń gẹ irun igi ọgbà yí ilé sẹ́ẹ̀fù ká. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ọ̀pẹ, tí wọ́n bá ń kọjá pẹ̀lú ẹyìn lórí, á ní, "Mùsíé Olódòdó, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ rọra o, kí ẹ̀gún má gún ìwé-ẹ̀rí!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi dé kọ̀nà. N kò bínú sí wọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Mo bẹ sẹ́ẹ̀fù pé kó fún mi ní ilẹ̀ díẹ̀ lára ilẹ̀ bìrò kí n fi gbin ọsàn. Ó ní ọ̀pẹ ló ń bọ́ Dàhòmì. "Ta ló ń wá ọsàn?" ó ní. Ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń mu bó ti ń sọ ọ́. Ó tu kóró rẹ̀ sínú òdòdó mi.

Ọdún yẹn náà ni ìwé kan dé láti Àjàṣẹ́. Àyè kan ṣoṣo ti ṣí lókè òkun, fún ẹni tó bá ti ka ọ̀gbìn èso, kó lọ fi ọdún méjì kún un kó sì padà bọ̀ bí ìnjínìà, oyè àgbà nínú ẹ̀kọ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá padà bọ̀ ló máa dá oko èso sílẹ̀ ní gbogbo ìhà wa, láti Sakété dé Towé, tí yóò sì kọ́ àwọn mìíràn. Bí mo ti ka ìwé náà tán, mo tún un kà. Èyí ni ohun tí wọ́n bí mi fún. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ń wá àyè yìí gbọ́dọ̀ ní oko èso tó dúró, tó ti pé ọdún mẹ́ta, tí ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tó sì jẹ́ tirẹ̀. Olùyẹ̀wò yóò wá fojú rí i.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún wa. Àwa méjì ló ń wá a. Ẹnì kejì ni àbúrò ìyàwó sẹ́ẹ̀fù, akọ̀wé tí kì í jáde nínú òòrùn, tó ka ọ̀gbìn díẹ̀ ní Kútọnù. Mo rò pé kò lè ṣe nǹkan. Oko wo ló ní?

N kò ní ilẹ̀ ní Pobè. Ilẹ̀ bàbá mi kéré, ọ̀pẹ àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti bò ó. Mo bá lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní Ìta-Jẹ̀bú. Òun ni olórí ilé wọn, ilẹ̀ wọn sì pọ̀, ilẹ̀ pupa tó jinlẹ̀, tó mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ẹ gbọ́ eléyìí. Ọmọ tí obìnrin ilé bí lè tọrọ ilẹ̀ kó fi gbin àgbàdo, kó fi gbin ẹ̀gẹ́, kó fi gbin ẹ̀pà, ohun tí yóò kúrò lórí ilẹ̀. Igi ni a kì í jẹ́ kó gbìn. Ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti gbin ẹnu síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnu yẹn á sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ èyí jù mí lọ. Síbẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní:

"Ọmọ àbúrò mi, gbìn ín. Ṣebí gbogbo wa la jọ máa mu ún."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ "gbìn ín". Ìyókù, n kò gbọ́ ọ dáadáa.

Ọgọ́ta igi ni. Mo tọ́ ọsàn kíkan láti orí kóró, mo so ojú dídùn mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ òyìnbó arúgbó yẹn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ láti Pobè. Kànga ilẹ̀ yẹn jìn débi pé bí o bá ju okùn sí i, o lè kí ẹni mẹ́ta kó tó kan omi. Èmi ni mo ń fà á. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo ń fi koríko bo ìdí igi, mo ń gé èéhù kíkan bó ti ń yọ. Ìyá mi máa ń wá láti ọjà pẹ̀lú gàrí tútù àti ẹ̀pà, á jókòó sábẹ́ igi kan ní igun ìsàlẹ̀, ìyẹn tó kọ́kọ́ rúwé, á máa sọ fún un pé kó má ṣe dójú ti ọmọ òun.

Ibí ni mo ti wá ṣe àṣìṣe, mo sì ń bínú sí ara mi títí dòní.

Láti tò ó gún, mo ní láti kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko náà, kí n lè máa so okùn mọ́ wọn. Ikán jẹ èyí tí mo kọ́kọ́ kàn. Mo kan òmíràn, ikán tún jẹ ẹ́. Lókè òkun, wọ́n ti kọ́ wa pé níbi tí kòkòrò bá ti ń jẹ igi gbígbẹ, kí a fi igi tútù tó lè ta gbòǹgbò ṣe èèkàn. Igi wo ló ń ta gbòǹgbò kíákíá, tí ikán kì í jẹ, tí ọ̀dá kì í pa? Mo gé pẹ̀rẹ̀gún mẹ́rin lẹ́yìnkùlé ìyá mi, mo rì wọ́n mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo so okùn mọ́ wọn. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi.

Pẹ̀rẹ̀gún! Ọmọ tó ń rákò nílẹ̀ wa mọ ohun tí pẹ̀rẹ̀gún ń wí. Níbi tí ilẹ̀ ẹnì kan bá parí sí, ibẹ̀ la ń gbìn ín sí. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, òun làwọn àgbà ń nawọ́ sí. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n ìwé ti kó sí mi lójú, mo ń rí igun níbi tí gbogbo ayé ti ń rí ààlà.

Nígbà tó ṣì kéré, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ní ọdún kẹta, ó ti ga ju èmi lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó dàgbà jù, tó ti ṣe sójà fún Faransé ní ìlú jíjìn kó tó padà wá roko, ló kọ́kọ́ rí i. Mo ń gé èéhù lọ́wọ́, ó dé ẹ̀yìn mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, onílẹ̀."

Mo rò pé ó ń ṣeré. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Onílẹ̀ báwo?"

"Èmi kọ́ ló gbin èyí." Ó fi àdá na pẹ̀rẹ̀gún. "Ọ̀kan nìyí. Mo ti ka mẹ́ta yòókù. O pààlà sínú ilẹ̀ bàbá mi, o sì ń bi mí ní báwo?"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó láàárín, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká, ìyá mi wà lórí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn. Mo ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ okùn, mo sọ̀rọ̀ igun, mo sọ̀rọ̀ ikán.

"Ikán!" Sójà yẹn fọwọ́ lu itan. "Ẹ gbọ́ o! Ikán ló pààlà!"

"Ẹ jẹ́ kí á lọ kí ikán," èkejì ní. "Ikán tó lọ sókè òkun lọ kàwé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. N ó hú wọn báyìí báyìí."

"Jọ̀ọ́, jókòó," ó ní. "Pẹ̀rẹ̀gún tó ti mú, ta ló ń hú u? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ilé wa ni wọ́n ti ń hú ààlà? O ti gbìn ín. Yóò wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ ni n ó gbà." Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. "Ṣé o ní àlejò kan ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ wá wo igi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Níwájú rẹ̀, wàá sọ pé o kò ní igi kan lórí ilẹ̀ yìí, pé ilé wa ló ni wọ́n. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, kò sẹ́ni tó máa dí ọ lọ́wọ́. Bí o bá sọ pé tìẹ ni, a ó gé wọn."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe mú mi. Ìwé Àjàṣẹ́ ní igi gbọ́dọ̀ jẹ́ tèmi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́. Ilé ìyá mi ní igi kò gbọdọ̀ jẹ́ tèmi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí igi. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé àyè ẹ̀kọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ní, "O ti kà á lẹ́ẹ̀kan. Òdòdó ni wọ́n ní kí o máa tọ́jú. Tí o bá tún kà á, ṣé òdòdó ńlá ni?" Èyí ló tilẹ̀ dùn mí jù.

Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó rí gbà ni igi kan, igi igun ìsàlẹ̀ tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọ bàbá òun ni, èso igi kan kò pọ̀ jù fún un. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó fà mí létí aṣọ.

"Èdè wo ni àlejò yẹn máa fi bi ọ́?"

"Faransé ni, Ìyá."

"Sọ ọ́ ní Faransé pé tìẹ ni, kí o wá sọ fún wa ní èdè wa pé kì í ṣe tìẹ. Ta ló máa mọ̀?"

Mo dúró. Mo wo ìyá mi, obìnrin tí kò mọ ìwé. Mo ní òun ló yẹ kí wọ́n rán lọ sókè òkun.

Olùyẹ̀wò dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nínú mọ́tò sẹ́ẹ̀fù, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ funfun títí dé orúnkún. Sẹ́ẹ̀fù wà pẹ̀lú rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi dúró sí apá kan, wọ́n kó àdá lọ́wọ́ bí ẹni tó kàn ń lọ sóko. Olùyẹ̀wò rìn láàárín ìlà, ó fọwọ́ kan ibi tí mo so, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun kò tíì rí irú ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó bi mí ní Faransé:

"Ta ló ni oko yìí?"

Mo gbójú sókè, mo dá a lóhùn ní Faransé, kedere, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́: "Èmi ni mo ni ín, mùsíé."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì bọ́ sílẹ̀ tí àdá fi ró. Igi kan ṣubú. Sójà. Èmi àti ìyá mi, a gbàgbé sójà! Gbogbo ọdún tó fi ń dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn ní Faransé, "wí, mọ̀n kàpìtẹ́ẹ̀nì", lọ́nà jíjìn, a rò pé ẹsẹ̀ nìkan ló fi sìn wọ́n, a gbàgbé pé ó ní etí. Ó ti gbé àdá sókè lórí igi kejì, ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ le. Ó ń dúró de ẹnu mi ni.

Ẹ má bi mí bí mo ti rò ó. N kò rò ó. Mo rí ojú tí mo fi ọwọ́ ara mi so, ó wà nílẹ̀, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Mo ké pé, "Kì í ṣe tèmi! Ilé yìí ló ni ín!" Mo sọ ọ́ ní èdè wa, mo sì sọ ọ́ ní Faransé.

Olùyẹ̀wò bojú wo sẹ́ẹ̀fù. Sẹ́ẹ̀fù gbé èjìká sókè, ó ní, "Mo ti sọ fún yín." Olùyẹ̀wò kọ ìlà kan sínú ìwé rẹ̀, ó pa á dé. Gbogbo ọdún mẹ́ta, ìlà kan.

Ta ni wọ́n wá fún ní àyè yẹn? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àbúrò ìyàwó sẹ́ẹ̀fù ni. Oko wo ni wọ́n fi hàn? Àwọn máńgòrò ẹ̀gbẹ́ títì Pobè, tí òyìnbó ti gbìn kí wọ́n tó bí i! Sẹ́ẹ̀fù fọwọ́ sí i pé òun ló gbìn wọ́n. Igi tí àwọn bàbá wa ti ń sinmi lábẹ́ rẹ̀, akọ̀wé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló gbìn ín. Ó lọ, ó ka ọdún méjì, ó bọ̀ bí ìnjínìà, ó sì gba àga. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, n kò rí i kó dá oko ọsàn kan sílẹ̀.

Mo fi òdòdó wọn sílẹ̀ fún wọn. Mo wá jókòó ní Sakété, mo ń tọ́ ọmọ igi lẹ́bàá ọ̀nà ọjà, ọsàn àti máńgòrò tí mo so lójú, mo ń tà fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn oníṣòwò láti ìhà Nàìjíríà ń kó wọn kọjá ibodè. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ yìí kò lè bọ́ni purọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ló kọ̀ mí.

Nísinsìnyí, èyí tí n kò sọ fún àwọn àlejò mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò tún fi ọ̀bẹ kan ọsàn Ìta-Jẹ̀bú mọ́, àfi ti ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. N kò bá a lọ. Èéhù ń yọ lẹ́sẹ̀ igi wọn, mo ń kọjá, mo ń rí i. Wọ́n rò pé ẹ̀ka ni, inú wọn ń dùn pé igi ń fẹ̀. Mo mọ̀ pé kíkan ló ń gòkè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí, "Ẹ gé e." N kò sọ ọ́. Lọ́dọọdún, n kò sọ ọ́. Nígbà tó yá, oko náà kan pátápátá, bí ẹni fi ẹnu kan ọtí kíkan. Wọ́n ní ilẹ̀ ló ti gbó. Wọ́n ní ẹnì kan ló fojú burúkú wò ó. Igi ìyá mi nìkan ló ń dùn, wọ́n sì ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó kú tó ń gbàgbọ́ pé ọwọ́ òun ló tutù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá yẹn, bí mo ti sọ tán, bàbá ọmọ náà ti ń sọ pé òun gbọ́, pé ayé kò dára, pé kí ọmọ lọ ka ìṣirò owó. Ọmọbìnrin yẹn ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ọsàn igun ìsàlẹ̀ dùn, gbogbo ìyókù kan. Ilẹ̀ kan náà ni. Mo wo ẹsẹ̀ wọn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ̀ka wọn ti yọ, ewé wọn kò sì jọ tirẹ̀. Kí ló fà á?"

Láti ìgbà tí mo ti ń dúró, kò sẹ́ni tó bèèrè. Bàbá rẹ̀ ní, "Má yọ Bàbá lẹ́nu." Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí ọmọ igi mi wà, mo fi ibi tí a ti ń so ojú àti èéhù tó ń yọ nísàlẹ̀ rẹ̀ hàn án.

Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe pín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú, wọ́n pín ilẹ̀, pẹ̀rẹ̀gún mẹ́rin tèmi sì ni wọ́n fi pín in. Wọn kò gbin òmíràn. Ohun tó wà láàárín wọn bọ́ sọ́wọ́ sójà, ọsàn kíkan mẹ́jìdínlọ́gọ́ta. Sójà náà kú, ó kù sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ fún mi yìí, díẹ̀ ló ṣì dúró níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó sẹ́ẹ̀fù jogún àga sẹ́ẹ̀fù, ewúrẹ́ jogún òdòdó. Igi ìyá mi di tèmi, ó ti gbó, ó ń so díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń dùn. Ọ̀bẹ eléèkù egungun, ọmọbìnrin yẹn ló mú un lọ lọ́jọ́ náà, nínú báàgì ìwé rẹ̀. Ìbínú yìí nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, n kò sì tíì mọ ẹni tí n ó fi í sílẹ̀ fún.